Òjìji Igi Lórí Òrùlé Agbẹ̀bí

Òjìji kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé. Lọ́dún tó kọjá, etí òrùlé ilé ìgbẹ̀bí ló máa ń dúró sí lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, bí àlejò tó ń tijú. Lọ́dún yìí, oòrùn ò tíì kúrò lágbedeméjì ọ̀run tí òjìji igi náà ti gun àárín òrùlé, tó sì na gbalaja sórí àwọn pátákó sólà bí onílé tó ti jẹun yó. Nínú ilé lábẹ́ rẹ̀, iná a máa ṣẹ́jú. Agbẹ̀bí á gbójú sókè, á mí kanlẹ̀, á tún padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Ìyá Ológeere ló gbin igi náà. Àdúgbò ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, nítorí kẹ̀kẹ́ ológeere ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun ló ń gùn lọ síbi tó ti ń ránṣọ, òun ló ń gùn lọ kí aláìsàn, òun náà ló gùn lọ síbi ìsìnkú ọkọ rẹ̀, tí àwọn ẹbí sì fi ń ṣe ẹ̀sín títí di òní. Bí ọkọ̀ kan bá tú èéfín dúdú sí i lójú, ó di dandan kó lé e bá níbi tó bá ti dúró. Á kan fèrèsé dẹ́rẹ́bà kó-kó-kó, á ní, "Ọmọ mi, ẹ̀dọ̀fóró mi kì í ṣe ààtàn o." Àwọn kan á bú u, àwọn kan á bẹ̀ ẹ́. Awakọ̀ yanrìn kan wà tí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ máa ń rú bí ilé tó ń jó, bí ìyẹn bá ti rí i lókèèrè ló ti ń pariwo pé, "Ìyá Ológeere, ẹ di imú o, mo ń bọ̀!"

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu lásán ni obìnrin yìí ní. Ó kó àwọn ará àdúgbò jọ, wọ́n gbin igi síbi tí oòrùn ti ń jó ilẹ̀, wọ́n sì ń ti ojúlé dé ojúlé bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n yé sun ike, kí wọ́n sì jáwọ́ nínú jẹnẹrétọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló lé jẹnẹrétọ̀ kúrò nílé ìgbẹ̀bí. Abẹ́ fèrèsé yàrá ìrọbí gan-an ló wà nígbà náà, tó ń kùn, tó ń tu èéfín.

"Nọ́ọ̀sì," ó bi agbẹ̀bí lọ́jọ́ kan, "ṣé èéfín ló yẹ kí ọmọ tuntun kọ́kọ́ mu kó tó mu ọmú?"

Agbẹ̀bí rẹ́rìn-ín títí. Kò pẹ́ tó fi jẹ́ kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ náà lọ, tí wọ́n sì to pátákó sólà sórí òrùlé. Láti ìgbà náà ni iná, àti àpótí olóoru tí wọ́n ń tẹ́ ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé sí kí òtútù má baà pa á, ti ń fi agbára oòrùn ṣiṣẹ́.

Nígbà tí iná wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, wọ́n pe onísólà. Ó gun òrùlé, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń mi orí.

"Igi yìí ni," ó ní. "Ẹ wò ó bí èèyàn mẹ́rin tó jọ ru pákó kan. Bí ọ̀kan bá jókòó, àwọn mẹ́ta tó kù ò lè rìn mọ́. Pátákó kan ṣoṣo tí òjìji bá bò, gbogbo wọn ló mú."

"Ṣebí a ti gé ẹ̀ka rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan," Ìyá Ológeere dá a lóhùn.

"Ẹ gé e, ó sì fi ìlọ́po méjì dá a padà fún yín. Màmá, ìdí ló yẹ ká ti gé e."

"Ẹ kó pátákó lọ sí ìhà kejì òrùlé."

"Ìhà kejì wo? Èyí tó ti dípẹtà yìí? Bí ẹyẹlé méjì bá bà lé e, inú yàrá lẹ ó ti bá wọn."

"Ilẹ̀ ńkọ́?"

"Ilẹ̀ dà, Màmá? Àgbàlá tí a ń fi ẹ̀gbẹ́ kọjá yìí?"

 Agbẹ̀bí ń wo Ìyá Ológeere, Ìyá Ológeere sì ń wo igi.

"Ẹ ò ní gé e," Ìyá Ológeere sọ níkẹyìn. "Òrùlé tèmi nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún náà ní pátákó sólà, kò sì ní òjìji. Ibẹ̀ ni màá ti máa gba agbára sínú bátìrì, màá máa gbé e wá fún yín. Bátìrì kì í ṣe ilé, ó ṣeé gbé."

"Ẹ̀gbọ́n mi, bátìrì yẹn wúwo o," ni agbẹ̀bí wí.

"Kẹ̀kẹ́ ló máa gbé e, kì í ṣe èmi."

Irọ́ nìyẹn, òun náà sì mọ̀. Ta ló ń wa kẹ̀kẹ́?

Àwọn ará àdúgbò rò pé ìfẹ́ igi ló ń dà á láàmú. Wọ́n á ní, "Ẹ ní kí ìyá yìí mú ọ̀kan nínú ewé àti ọkọ, ewé ni yóò fẹ́."  Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tíì dé ẹnu rẹ̀ rí. Òun àti ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n jọ gbin igi náà sí ẹnu àdúgbò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbẹ̀bí, nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré, tó ń fi agolo bu omi sí i. Ọmọ náà dàgbà, ó wáṣẹ́ wáṣẹ́, kò rí. Ó bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ pé àwọn fẹ́ gba ojú òkun kọjá síbi tí iṣẹ́ wà. Etí òkun ló ti pe ìyá rẹ̀ kẹ́yìn, tí ariwo omi ń bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ọkọ mi, padà wálé," ni ìyá ń wí.

"Màmá, ẹ yé sunkún, màá padà wá. Àfi kí ilé tí wọ́n ń kọ́ ládùúgbò yẹn má pọ̀ jù, kí n má lọ máa kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn o!" Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má dààmú. Igi wa ni màá wò, màá wá ti ìdí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wálé."

Láti ìgbà náà, fóònù rẹ̀ kò wọlé mọ́. Kò sí ẹni tó rí i, kò sí ẹni tó rí òkú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bí wọ́n bá ní ká gé igi, ohun tí etí ìyá ń gbọ́ ni pé ká sin ín.

Báyìí ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ilé rẹ̀ wà, orí òkè ni ilé ìgbẹ̀bí. Á fi okùn rọ́bà di bátìrì tó kún mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, á gùn ún gòkè, á sì gbé èyí tó ti gbẹ sọ̀ kalẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń kọrin. Nígbà tó yá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tó tún yá, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró. Òjò wá dé. Sánmà ṣú, pátákó tirẹ̀ náà ò rí oòrùn gbà tó. Ìdajì agbára ni bátìrì ń gbé dé òkè, ó sì di kó máa lọ kó máa bọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Òjò kan náà ló ń bọ́ igi. Ewé ń yọ, ẹ̀ka ń nà. Igi ń sanra, obìnrin ń rù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti gbẹ," agbẹ̀bí sọ fún un.

"Kẹ̀kẹ́ fẹ́ràn ẹni tó bá fúyẹ́."

"Ẹ má fi ṣeré."

"Èmi kọ́ ni mò ń fi ṣeré, Nọ́ọ̀sì."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan bímọ nílé ìgbẹ̀bí. Oṣù ọmọ náà kò pé. Gbogbo ara rẹ̀ kò gùn ju bàtà ọkùnrin lọ. Wọ́n tẹ́ ẹ sínú àpótí olóoru. Kò pẹ́ tí fóònù Ìyá Ológeere dún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ibo lẹ dé? Iná ń lọ! Mo ní ọmọ nínú àpótí!"

"Mo ti wà lọ́nà."

Kò tíì wà lọ́nà. Okùn ló ń dì lọ́wọ́.

Ó gun kẹ̀kẹ́, ó dìde dúró lórí pẹ́dàlì bí ọmọdé tó ń sáré ìje, ó ń fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Níbi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ti ga jù, orúnkún ọ̀tún kọ̀. Bátìrì fà á sẹ́yìn, òun àti kẹ̀kẹ́ sì wó lulẹ̀. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ. Ó tú bátìrì, ó fẹ́ gbé e, kò gbé. Ó tì í lórí ilẹ̀. Ó rìn díẹ̀, ó dúró. Ló bá jókòó sójú títì, ó gbá bátìrì mọ́ra, ó ń fi ìdí wọ́ gòkè. Ó ń sọ lábẹ́ ahọ́n pé, "Ẹ dúró dè mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí."

Òórùn èéfín ló kọ́kọ́ dé imú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ohùn.

"Ìyá Ológeere, ẹ di i..." Ọ̀rọ̀ náà kú sí awakọ̀ yanrìn lẹ́nu. Ó bẹ́ sílẹ̀. "Màmá! Ta ló gbá yín?"

"Orúnkún mi ni. Gbé bátìrì yìí lọ sílé ìgbẹ̀bí, ọmọ mi. Tètè."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ẹ máa wọ ọkọ̀ èéfín?"

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń béèrè tọkàntọkàn ni.

"Gbé mi sínú ẹ̀," ó ní, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. "Kó rú bó bá ṣe fẹ́ rú."

Nígbà tí wọ́n wọlé, àpótí olóoru ti ṣókùnkùn. Ìyá ọmọbìnrin tó bímọ ti bọ́ bùbá sílẹ̀, ó tẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ sí àyà ìhòòhò, ó fi aṣọ bò ó. Agbẹ̀bí kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ra àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà, ètè ọmọ ọ̀hún sì ti dúdú bí aró. Kò sẹ́ni tó kí ẹnikẹ́ni. Awakọ̀ gbé bátìrì kalẹ̀, agbẹ̀bí so wáyà, iná tàn. Ọmọ ò mira. Wọ́n dúró. Wọ́n tún dúró. Ọmọ náà sín, bíi ti ọmọ ológbò.

"Ẹ gbọ́?" ni ìyá àgbà pariwo. "Ó ń bú wa! Máa bú wa, olówó orí mi!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì jọ ẹkún. Ọmọbìnrin tó bímọ gbé orí sókè lórí ibùsùn.

"Màmá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń gbé iná wá. Ẹ ṣeun, Mà. Ẹ ò ní sunkún ọmọ láyé yín."

Ìyá Ológeere ṣí ẹnu láti ṣe àmín, kò jáde. Ó fi ọwọ́ gbá ògiri mú títí ó fi dé ìta. Agbẹ̀bí tẹ̀lé e.

"Pe agégi," Ìyá Ológeere sọ fún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló wà nínú igi yìí gan-an?"

Ó sọ ọ́ fún un nígbà náà, òkun, fóònù, gbogbo rẹ̀. Agbẹ̀bí di orí mú.

"Kí ló dé tí ẹ ò fi sọ?"

"Bí mo bá sọ ọ́ jáde, èmi náà á gbọ́ ọ."

Lọ́jọ́ kejì, agégi dé. Ayùn ọlọ́wọ́ ni Ìyá Ológeere ní kó lò, kì í ṣe elépo.

"Màmá, ayùn elépo á parí ẹ̀ kíákíá o."

"Fi ọwọ́ gé e."

"Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ ni òkú, ẹ̀yin lẹ mọ bí ẹ ṣe fẹ́ sin ín," ni agégi wí, tó ń rẹ́rìn-ín, láìmọ ohun tó sọ. Ó so okùn mọ́ ọrùn igi. "Igi yìí ti fì sí òrùlé. Bí mo bá gé e débi kan, ibẹ̀ ni yóò fẹ́ wó sí. Ẹ fà á sójú títì. Ẹni tó bá di okùn mú kò gbọdọ̀ dẹ̀ ẹ́."

Agbẹ̀bí, onísólà àti awakọ̀ yanrìn di okùn mú. Ìyá Ológeere jókòó sórí àpótí ìjókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó kẹ̀yìn sí wọn. Ayùn ń lọ, ó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni igi náà ké ràràrà.

"Ẹ fà!"

Ilẹ̀ tutù, ẹsẹ̀ wọn ń yọ̀. Igi rọra yí orí sí òrùlé.

"Ẹ fà, ó ń lọ! Ó ń lọ sórí òrùlé!"

Nínú ilé, ọmọ tuntun bú sẹ́kún. Ìyá Ológeere dìde. Kò mọ̀ pé òun ní orúnkún. Ó di okùn mú níwájú gbogbo wọn, ó fi gbogbo ara rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń fà.

"Máa bọ̀," ó ń wí. "Ọkọ mi, máa bọ̀. Máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi níbí."

Igi náà dúró nínú afẹ́fẹ́ bí ẹni tó ń rò ó. Ó wá fi òrùlé sílẹ̀, ó tẹ̀lé okùn, ó sì wó gbìì sójú títì, ewé rẹ̀ kan ẹsẹ̀ ìyá.

Oòrùn já lu pátákó sólà lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi bo ojú. Ẹnìkan pariwo láti inú ilé pé iná ti kún. Agbẹ̀bí wá, ó fẹ́ gba okùn lọ́wọ́ rẹ̀, ìka rẹ̀ ò tú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi í sílẹ̀. Ó ti tán."

Ìyá Ológeere ń wo ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Láti ibi tó dúró sí, òrùlé ló tò lọ rẹrẹ, páànù lẹ́yìn páànù, ọ̀kan ò yàtọ̀ sí èkejì.

"Nọ́ọ̀sì," ó ní, "bí ẹnìkan bá dúró níbí, tó ń wá ilé mi, kí ló máa wò?"

Agbẹ̀bí wo òrùlé títí. Kò rí nǹkan kan nawọ́ sí.