Omi Lásán

Kí ẹ̀gbọ́n mi tó lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ẹlẹ́dẹ̀ ní ìfun, èèyàn náà ní ìfun, kò sì sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ìfun nídìí oúnjẹ nílé wa. Ó dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta pẹ̀lú àpò tó wúwo, ó bọ́ bàtà, ó jókòó, kò tíì kí Bàbá tán tó fi ní: "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé inú ìfun ni ìlera ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀?" Bàbá ní òun rò pé ẹnu ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín bí olùkọ́ ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ tó gbìyànjú.

Ó tú àpò náà sórí tábìlì. Ìgò ni, ìgò ni, ìgò ni. Ọ̀kan jẹ́ ògùn kíkan tí wọ́n ń dà sómi mímu kí kòkòrò búburú má lè ráyè gbé inú ọmọ ẹlẹ́dẹ̀. Òmíràn jẹ́ ìyẹ̀fun tó kún fún kòkòrò rere, tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ. Ìkẹta jẹ́ òróró ewé tó ń rùn bí ẹnu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ eyín. Mo bi í pé báwo ni kòkòrò rere ṣe máa mọ̀ pé òun kọ́ ni wọ́n ń lé nígbà tí ògùn kíkan bá dé. Ó ní ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ìdí nìyẹn náà tí wọn ò fi pe irú èmi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: inú bí mi. Láti ìgbà tí ìyá wa ti kú, èmi ni mo ń jí lọ sídìí ẹlẹ́dẹ̀ láràárọ̀. Èmi ni mo ń gbẹ̀bí abo, èmi ni mo ń kó ìgbẹ́, èmi ni ará àdúgbò ń fi aṣọ bo imú fún tí mo bá ń kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi ń jókòó sí ọ́fíìsì nígboro, á wá lópin ọ̀sẹ̀, á ká ọwọ́ sẹ́yìn, á máa yẹ àwọn yàrá wò kiri. Ó wá lọ gbọ́ àsọyé ọjọ́ méjì, ó di bàbá ìfun. Èyí tó dùn mí jù ni pé Bàbá ń mi orí sí gbogbo ohun tó ń sọ.

Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife tíì rẹ̀, ó mu ún, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e kalẹ̀. Ó ní ó ti rẹ òun. Abo funfun ti fẹ́ já ọmọ lẹ́nu ọmú; kí a pín àwọn ọmọ náà sí méjì, kí ẹ̀gbọ́n mi fi ìgò rẹ̀ tọ́ ìdajì, kí èmi tọ́ ìdajì tó kù bó ṣe wù mí. Ẹni tí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ bá ṣe dáadáa jù ni yóò gba ilé ẹlẹ́dẹ̀ náà, òun yóò sì lọ sinmi.

"Kí nìwọ máa fún tìẹ?" ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

"Omi," mo ní. "Omi lásán."

Ẹni tó bá ti sin ẹlẹ́dẹ̀ rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ eré kọ́ nìyẹn. Ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru ló máa ń kọ́kọ́ wá kí i. Á rù, irun rẹ̀ á dìde, bí wọn ò bá sì tètè mójú tó o, ó di dandan kí wọ́n gbẹ́ ihò sin ín. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí, ṣùgbọ́n mo ti sọ omi lásán lójú ẹ̀gbọ́n mi, n kò sì lè gbé e mì.

Táńkì méjì ló wà lórí pèpéle sìmẹ́ǹtì lẹ́yìn ilé ẹlẹ́dẹ̀. Bàbá ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò wọ́n síbẹ̀ nígbà tí mo ṣì kéré. Omi kànga ń wọ inú táńkì kìíní, ó ń gba inú páìpù bọ́ sínú ìkejì, táàpù irin ńlá kan sì wà láàárín tí èèyàn ń yí tó bá fẹ́ ya méjèèjì sọ́tọ̀. Táńkì kìíní ń bomi fún yàrá ọ̀tún, ẹ̀gbọ́n mi mú ìyẹn. Ìkejì ń bomi fún yàrá òsì, tèmi nìyẹn. Mo ní kí n lọ ti táàpù náà.

"Fi í sílẹ̀ fún mi," Bàbá ní. "Èmi ni mo so wọ́n pọ̀, èmi náà ni màá tú wọn ká."

Ó lọ sẹ́yìn lóun nìkan. Ó pẹ́ kó tó padà, òógùn sì bò ó. Ó ní ó ti parí, kí n máa fi rọ́bà fa omi sínú tèmi láti ẹnu kànga bó bá ti ń lọ sílẹ̀.

Báyìí ni ìdíje bẹ̀rẹ̀, tí ọkùnrin tó ń ta àwọn ìgò náà sì sọ ilé wa di ilé ẹ̀. A máa ń pè é ní Dókítà Ìgò. Kì í bínú sí i. Ó jọ pé Dókítà tó wà níbẹ̀ ti tó o. Aṣọ funfun ló máa ń wọ̀, kì í sì í wọ yàrá ẹlẹ́dẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló ti ń wo ìfun. Á na ìka sí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ kan tó ń sùn, á ní, "Ẹ wo bí inú ẹ̀ ṣe balẹ̀. Kòkòrò rere ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn." Bí ọmọ náà bá dìde tó ń sáré, á ní, "Ẹ ò rí i? Kòkòrò rere ni."

Ọ̀sẹ̀ kìíní kọjá, ìgbẹ́ gbuuru ò yọjú. Kò yọjú lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, kò yọjú lọ́dọ̀ mi. Kí ni mo fẹ́ ṣe ju kí n yangàn lọ? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù omi lásán. Mo wàásù fún aṣerunlóge tó ń ṣe irun mi títí ó fi fi iná jó mi létí. Mo wàásù fún ẹni tó ń gbé oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ wá. Alága ẹgbẹ́ ọlọ́sìn ẹlẹ́dẹ̀, obìnrin tí ohùn rẹ̀ le ju ti abo tó ń rọbí lọ, gbọ́ nípa mi, ó ní kí n wá bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀. Mo lọ. Mo ní ohun tí Ọlọ́run ti ṣe pé kò nílò ìgò. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi gan-an.

Ohun tó tún jọ mí lójú ni pé táńkì mi kì í gbẹ. Bí mo bá gbé rọ́bà lọ, màá bá a ní kíkún. Mo ní ìbùkún ni, mo tún ní àwọn ọmọ mi mọ omi í ṣọ́, wọn kì í fi ṣòfò. Táńkì ẹ̀gbọ́n mi ní tiẹ̀ ń yára fà, ọjọ́ tó yẹ kí ìgò kan fi tán kò tíì pé tó fi máa ń tán. Ó ní ìyẹn fi hàn pé omi náà dùn mọ́ tòun lẹ́nu. Dókítà Ìgò ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, ó sì tún gbé ìgò wá.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù, ó ní ọkọ òun ti ń bu ìyẹ̀fun ẹlẹ́dẹ̀ sínú tíì tó ń mu láàárọ̀. Mo bi í bóyá ó ń ṣiṣẹ́.

"Èmi ò mọ ti ìfun ẹ̀ o," ó ní. "Ariwo ẹnu ẹ̀ ni ò dín kù."

Ní gbogbo àkókò yìí, Bàbá ń jókòó lórí àpótí láàárín yàrá méjèèjì, ó ń wò wá bí ẹni ń wo eré. Ó ti pa bọ́tìnì tì. Á kàn gbé ẹ̀wù kọ́ èjìká, àyà rẹ̀ á wà níta. Mo ní ooru ló ń mú un. Ó ń pè mí kí n wá ṣí ìdérí ìpara fún òun, mo sì ní, "Bàbá, ẹ ti fẹ́ di ọba lé wa lórí o." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló sọ pé òun kì í ṣe ọba tẹ́lẹ̀. Aṣọ ìnura rẹ̀ aláwọ̀ ewé sọnù lórí okùn, mo bá aládùúgbò wa jà lórí ẹ̀ títí a ò fi kí ara wa mọ́.

Ọjọ́ ìdájọ́ pé. Alága gbé òṣùwọ̀n wá. Bàbá wọ ẹ̀wù tuntun, kò de bọ́tìnì rẹ̀, ó jókòó sórí àpótí rẹ̀. A gbé àwọn ọmọ náà gun òṣùwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń han bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Nígbà tí a parí, Alága wo ohun tó kọ, ó tún un wò, ó ní kò sí èyí tó ju èkejì lọ.

"Kò ṣeé ṣe," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Ẹ wo ìrù tèmi, ẹ wo bó ṣe ká."

"Ìrù wo? Tèmi ò ká ni?" mo ní. "Bí tìrẹ pẹ̀lú gbogbo ìgò yẹn bá dọ́gba pẹ̀lú tèmi tó ń mu omi lásán, ta ló borí?"

Alága ní òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ mi. Orí mi wú. Mo mú ife, mo ki í sábẹ́ ọmú irin tí àwọn ọmọ mi fi ń mu omi, mo tì í, omi jáde. Mo ní kí gbogbo ayé wá wo ògùn tèmi, mo sì gbé e mu.

Ó kan. Ó kan débi pé ojú mi ọ̀tún pa dé fúnra rẹ̀. Mo gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹnu ti kó jọ. Alága gba ife náà lọ́wọ́ mi, ó tọ́ ọ wò, ó tutọ́ sílẹ̀.

"Omi lásán rèé?" ó ní.

"Olè!" ẹ̀gbọ́n mi fò sókè. "Ògùn mi lo ń jí fún wọn!"

Dókítà Ìgò na ọwọ́ méjèèjì sókè ọ̀run. "Mo sọ ọ́, ẹ ò gbọ́! Yàrá méjèèjì, ọjà wa ni! Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe sanra?"

"Wọ́n sanra ju ti ta ni lọ?" Alága bi í. "Èwo ni a fẹ́ fi wé èwo?"

Dókítà gbé ìgò kan sókè, ó tún gbé e sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìgò kankan ò ran án lọ́wọ́.

"Ta ló ti táàpù àárín táńkì méjèèjì?" Alága béèrè.

Gbogbo wa wo Bàbá. Bàbá ń wo àwọn ẹlẹ́dẹ̀. Ó ní òun ni.

Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sẹ́yìn ilé, ó gun pèpéle. Ó pẹ́ kó tó ké sí wa pé táàpù náà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ó di aṣọ kan mú, ó ní orí táàpù ni wọ́n wé e mọ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kó yọ̀ mọ́ òun lọ́wọ́. Aṣọ ìnura aláwọ̀ ewé ni. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo yí táàpù náà, kò tiẹ̀ fún eyín pọ̀, ó sì tì.

A padà wá pẹ̀lú aṣọ náà. Bàbá rí i lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi.

"Ó le lọ́jọ́ náà," ó ní. "Mo ní màá padà lọ lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kejì, ó tún le."

Mo wo ọwọ́ rẹ̀ lórí itan rẹ̀. Àwọn ìka náà ti ká wọnú, ó sì fi ọwọ́ kan bo ìkejì nígbà tó rí i pé mò ń wò ó. Mo rántí ife tíì, mo rántí ìdérí ìpara, mo rántí ọba tí mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mọ bí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ṣu láàárọ̀ ọjọ́ náà. N kò mọ̀ pé ọwọ́ bàbá mi ò lè di nǹkan mú mọ́. Ojú tì mí, ó sì dùn mí wọnú eegun.

"Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ," Bàbá ní, kò sì parí òwe náà.

Dókítà Ìgò sún mọ́ ọn. "Bàbá, a ní ìgò kan tó wà fún oríkèé ara…"

"Dókítà, ẹ máa lọ sílé," ẹ̀gbọ́n mi ní. Kò pariwo. N kò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ tí a sin ìyá wa.

Alága, tó ti gbé òṣùwọ̀n rẹ̀, rọra béèrè pé ta ló wá gba ilé ẹlẹ́dẹ̀ báyìí. Kò sí ohun tí mo fẹ́ tó o láyé yìí. Síbẹ̀ mo gbọ́ tí ẹnu ara mi ń sọ pé kò tíì di ti ẹnikẹ́ni, pé ẹni tó ni ín ló jókòó yẹn, àwa á máa bá a yí táàpù. Ẹ̀gbọ́n mi mi orí.

Mo kúnlẹ̀ síwájú Bàbá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í de bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ó jẹ́ kí n ṣe é, ó gbójú sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́dẹ̀. Nígbà tí mo dé èyí tó wà lọ́rùn, ó ti ọwọ́ mi kúrò.

"Fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi," ó ní.

Mo fi í sílẹ̀, gbogbo wa sì dúró dè é.