Pa Kìíní, Pa Kejì

“Ta ló pa á?”

Ẹnu ọ̀nà ni ọ̀gá obìnrin tó ń darí ilé iṣẹ́ rédíò náà dúró sí. “Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí a ṣe fún alága ilé iṣẹ́ omi láàárọ̀ yìí, ta ló pa á?”

“Èmi kọ́ o,” ni Alágbára wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Àlejò ni kí ẹ bi.”

Àlejò ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ òye àtọwọ́dá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sínú kọ̀ǹpútà wọn, kó lè máa bá wọn tọ́jú àwọn ohùn tí wọ́n bá gbà sílẹ̀. Bí èèyàn bá fẹnu lásán rán an níṣẹ́, á wo àwọn irinṣẹ́ tó wà nínú kọ̀ǹpútà, á ka àlàyé wọn, á mú èyí tó bá rò pé ó yẹ, á sì lò ó. Alágbára ló ṣe àwọn irinṣẹ́ náà nígbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Òun náà ló kọ àlàyé wọn, kò sì sí ọ̀kan tí kò pè ní “irinṣẹ́ alágbára” níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yọ orúkọ fún un.

“Ẹ̀gbọ́n, mo ti bi í,” ni ọ̀gá wí. “Ó ní òun rí ‘Pa Kìíní’, òun sì rí ‘Pa Kejì’. Ó rò pé ẹni tó bá fẹ́ pa nǹkan mọ́ dáadáa ní láti pa á lẹ́ẹ̀mejì. Ló bá lo méjèèjì.”

“Pa Kìíní ni pa á mọ́. Pa Kejì ni pa á rẹ́. Ta ni ò mọ̀yẹn?”

“Èmi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká ka ohun tí ẹ kọ.” Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ń kà á bí ẹni ń ka ìròyìn. “‘Irinṣẹ́ alágbára, tí a fi ọgbọ́n ìjìnlẹ̀ gbé kalẹ̀ fún àǹfààní ìran tó ń bọ̀. Ẹ lò ó bí a ṣe máa ń lò ó.’ Bí ta ni ṣe máa ń lò ó, ẹ̀gbọ́n?”

Alágbára rẹ́rìn-ín músẹ́. Gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn ló ń gbádùn. Kò mọ̀ pé yóò bá ohùn ìròyìn mu tó báyẹn.

“Kó tó di aago mẹ́rin,” ni ọ̀gá wí, “mo fẹ́ kí Àlejò lè ṣiṣẹ́ láìpa wá lára. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó kó irinṣẹ́ yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a ó ra ti òde. Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ n lọ bẹ alága kó wá tún ọ̀rọ̀ sọ.”

“Inú ẹ̀ á dùn.”

“Inú ẹ̀ ti dùn. Ó ní ó ku ibi tí òun ò tíì sọ.”

Nígbà tó ku òun nìkan, Alágbára wo gíláàsì tó wà láàárín yàrá rẹ̀ àti yàrá tí wọ́n ti ń gba ohùn. Ẹ̀yìn gíláàsì yẹn ni Ìyá Olóhùn, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wọn, ti ń ṣiṣẹ́ kó tó di olóògbé. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ sọ irinṣẹ́ náà lórúkọ, lọ́jọ́ kan tí òjò ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè lọ sílé. Láyé ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń ka àlàyé. Gíláàsì náà nípọn, ẹnu obìnrin náà lásán lèèyàn máa rí tó ń mì: Pa á. Bó bá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àyà, pa á mọ́ ni. Bó bá fẹ́ atẹ́gùn sí àtẹ́lẹwọ́, bí ẹni ń fẹ́ eruku dànù, pa á rẹ́ ni. Wọn ò ṣi ara wọn gbọ́ rí.

Ó wá rí i pé kò sí àtẹ́lẹwọ́ kankan nínú àlàyé òun. Ìran tó ń bọ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀, kò bá àlejò sọ ọ́.

Bí òṣìṣẹ́ tuntun bá dé nígbà náà, Ìyá Olóhùn á ní, “Alágbára, má kó gírámà bò ó. Sọ ohun tó ń ṣe. Sọ ìgbà tí wọ́n ń lò ó. Sọ ohun tó máa bàjẹ́ bó bá ṣì í lò. Kó o wá dákẹ́.”

Ó nu “ọgbọ́n ìjìnlẹ̀” kúrò. Ó dùn ún wọra. Ó ti kọ́kọ́ da gbólóhùn náà kọ síbòmíràn ná, nítorí ìran tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá kọ ọ́ pé:

“Pa Mọ́: ó ń fi ohùn sínú àpótí kó má bàa sọ nù. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó. Pa Rẹ́: ó ń nu ohùn kúrò pátápátá, kò sì ṣe é gbà padà. Má fi pa ohunkóhun mọ́. Kó o tó lò ó, sọ ohun tó wà nínú ohùn náà fún èèyàn, kó o sì dúró de ìdáhùn rẹ̀.”

Ọ̀gá dé kó tó di aago mẹ́rin. “Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Àlejò, bá mi nu gbogbo ohun tó wà nínú àpótí Àdánwò. Pàǹtírí ló kúnbẹ̀.”

Alágbára la ẹnu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti ń jáde lójú kọ̀ǹpútà.

“Pa Rẹ́ ló bá iṣẹ́ yìí mu. Kò ṣe é gbà padà. Ohùn obìnrin kan ṣoṣo ló wà nínú àpótí náà. Ó ka ení, èjì, ó rẹ́rìn-ín, ó wá ní: ‘Alágbára, pa á jàre, ebi ń pa mí.’ Mi ò mọ̀ bóyá pa mọ́ ló ń wí tàbí pa rẹ́. Kí ni kí n ṣe?”

Ọ̀gá yíjú sí i. “Èwo ló ń wí, ẹ̀gbọ́n?”

Alágbára rí obìnrin náà kedere lẹ́yìn gíláàsì, tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí àtẹ́lẹwọ́.

Ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé àyà. Nígbà tó rántí pé Àlejò ò rí ọwọ́, ó sọ ọ́ jáde.

“Pa á mọ́.”