Díẹ̀díẹ̀ Ni Kí Ẹ Máa Lò Ó

Ọwọ́-Òwú ni àwọn oníbàárà ń pe onídìrí náà, nítorí bó bá ń dirun, ọmọdé á sùn lọ lórí itan rẹ̀. Ìka ló fi ń mọ ibi tí irun ti fẹ́ já. Òun àti àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ ni wọ́n jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù kan.

Nígbà tí irun tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́lẹ́ níwájú orí, ó lọ sí kẹ́míìsì. Apòògùn fún un ní hóró sẹlíníọ́mù. Ó ní èròjà náà wà nínú ẹja àti ẹyin tí à ń jẹ, ara sì nílò rẹ̀, àmọ́ níwọ̀nba.

"Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa lò ó o, Màmá."

Ó gbọ́ràn. Ó ń lo hóró kan kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, òmíràn lọ́sàn-án, òmíràn nígbàkigbà tó bá jókòó sinmi. Kò gbé púpọ̀ mì lẹ́ẹ̀kan rí.

Kò pẹ́ tí ẹnu rẹ̀ fi ń rùn bí aáyù.

"Aǹtí mi, ẹ ò ṣe kúkú máa ta aáyù? Ẹ ti polówó rẹ̀ tán," ni àbúrò wí láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ẹnu tìẹ ńkọ́? Ó ti ń gún èèyàn bí abẹ́rẹ́ láti àárọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Irun orí rẹ̀ wá ń já wìtìwìtì sára ìyarun. Ó rò pé oògùn ni kò tó, ó bá fi kún un. Èékánná rẹ̀ ń kán. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan figbe ta lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ti fa irun ọmọ náà jù, kò sì mọ̀: ìka rẹ̀ ti kú tipiri.

Àbúrò ló fà á lọ sọ́dọ̀ dókítà.

"Wọ́n ní kí n máa lò ó díẹ̀díẹ̀ ni," ni Ọwọ́-Òwú wí.

"Díẹ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn, Màmá. Ẹyọ kan lóòjọ́. Ó ti pọ̀ jù lára yín, ẹ dá a dúró lónìí. Irun á hù padà. Ti ìka yìí, mi ò lè ṣèlérí."

Irun hù lóòótọ́. Ìka kò bọ̀ sípò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò sí oníbàárà, àbúrò tú gèlè rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ fi orí mi dánra wò."

Ọwọ́-Òwú ya irun, ó ń dì í.

"Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Rárá, Aǹtí mi. Ká ní mo ti bi yín léèrè ohun tí ẹ ń lò nígbà yẹn ni, dípò kí n máa fi yín ṣẹ̀fẹ̀."

"Ta ló mọ̀?" Ó tún fà á. Èjìká àbúrò fún jọ.

Ọwọ́-Òwú dúró. Ó rọra tú ìwọ̀nba tó ti dì.

"Dìde," ló wí. "Lọ ránṣọ ẹ."