Ọjọ́ Lórí Omi, Ọjọ́ Lórí Ilẹ̀

Sùrájù fa ìlà sórí Ṣáínà lórí páálí tó fi ń ṣírò ọjọ́ ẹrù, ó tún fà á lẹ́ẹ̀kejì, àfi bíi pé ìlú náà bú u. Ọjọ́ márùndínláàádọ́ta lórí omi. Iléyá sì ku ọjọ́ mọ́kàndínláàádọ́ta. Tọ́kì ń kó tirẹ̀ dé ní ọjọ́ méjìlélógójì. Dùbáì ló kẹ́yìn lórí páálí náà, ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó ti fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó.

Irinwó híjáàbù ni àwọn Alásàlátù Olówógbowó fẹ́ wọ lọ sí yídì. Ìyá Sùrájù ló kọ́kọ́ ń ta aṣọ fún wọn. Wọ́n ti ní bí tọdún yìí bá tún pẹ́, Ìdúmọ̀tà làwọn ń lọ, àwọn ò sì ní padà sí Balógun mọ́.

"Tọ́kì ni," ló wí. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

Fẹ́yìsayọ̀ mi orí. Òun ni obìnrin Ìjẹ̀bú tó ń bá a gba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù láti ọdún méjìlá. "Àlàájì, ẹ ò ka ti wọ́ọ̀fù. Ọ̀sẹ̀ méjì. Tọ́kì ti lọ nìyẹn."

"Ọkọ̀ lèmi ń kà."

"Ẹ gbọ́wọ́ kúrò lórí Dùbáì, ẹ jẹ́ ká ráyè mí."

"Má dárúkọ Tawfiq nínú ṣọ́ọ̀bù mi."

"Ta ló dárúkọ ẹ̀?"

Ọmọ ìyá Sùrájù ni Tawfiq, Dùbáì ló ń gbé. Ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ó kó jalàbíà ránṣẹ́ láti Dùbáì, ẹrù sì wọ Balógun ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn Iléyá. Ta ní ń ra aṣọ ọdún lẹ́yìn ọdún? Láti ìgbà náà Sùrájù kò gbé ìpè rẹ̀, kò sì ṣe àmín sí àdúrà tí wọ́n bá fi orúkọ rẹ̀ sí.

"Ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n náà ni ọkọ̀ tó kó jalàbíà yẹn lò," ni Fẹ́yìsayọ̀ wí. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹrù fi jókòó sí wọ́ọ̀fù. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè fọwọ́ sí ìwé ẹ̀. Màmá yín ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ẹ pa fóònù, ẹ ní ẹ ò ní fọwọ́ kan ọjà títí fídáù ogójì ọjọ́."

"O ò sọ fún mi."

"Mo sọ! Ẹ ní kí n gbẹ́nu mi dákẹ́."

Òótọ́ ni. Ó rántí bó ṣe pariwo mọ́ ọn. Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ó pẹ́ kó tó rí nọ́ńbà Tawfiq nínú fóònù rẹ̀. Tawfiq gbé e kíá.

"Bọ̀dá mi?"

"Irinwó híjáàbù," ni Sùrájù wí, kò kí i. "Kó wọ ọkọ̀ lọ́sẹ̀ yìí."

"Ó máa wọ̀ ọ́."

Ó yẹ kó pa fóònù. Kò pa á. "Ẹrù ìjọ́sí, ṣé o mọ̀ pé wọ́ọ̀fù ló wà?"

"Mo mọ̀."

"O ò wí nǹkan kan."

"Ẹ̀ ń ṣọ̀fọ̀ Màámi, Bọ̀dá. Kí ni mo fẹ́ wí?" Ó yí ọ̀rọ̀ sórí híjáàbù. "Àwọ̀ wo ni wọ́n ń fẹ́?"

Sùrájù yí páálí náà padà, ó ń wá àwọ̀ náà. Ohun tó ń wá sí i lọ́kàn ni pé òun kò béèrè rí, láti ọdún mẹ́sàn-án, ta ló jókòó ti Tawfiq ní Dùbáì lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ láago pé ìyá wọn kú.