Mi Ò Ní Ṣílẹ̀kùn fún Baba Olójú-Kan

Ká ní èmi ni mo ni ilé yẹn, mi ò ní ṣílẹ̀kùn fún Baba Olójú-kan láéláé. Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo ka ìwé kẹrin ìtàn rẹ̀ tán, mo sì tún ń sọ ọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọmọ mi ń bọ̀, bí mo ṣe ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà lórí tábìlì.

"Ọkùnrin tó ní òun ń lọ pa ẹja tó ń gbé ọkọ̀ mì! Ó fi ọmọ tó ń rákò sílẹ̀. Ọmọ dàgbà, ó ń tan iná fáwọn ọkọ̀ ojú omi, òun wá gbé idà tuntun àti ojú kan dé, ó ń kan ilẹ̀kùn kó-kó-kó bí ẹni tó lọ ra iyọ̀ lójúde. Kó máa kàn án lọ. Ọwọ́ ẹ̀ á bó!"

 Abẹ́rẹ́ ń fi aṣọ kọ́ hángà, ó kẹ̀yìn sí mi. Ọmọ-ọmọ mi ni. Mo ń pè é ní Abẹ́rẹ́ torí pé ó tín-ín-rín, ẹnu ẹ̀ sì mú, bẹ́ẹ̀ bí abẹ́rẹ́ bá kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Ọmọ tó máa ń fún mi lésì kí n tó sọ̀rọ̀ tán wá dákẹ́ lọ́jọ́ náà, mo rò pé inú ń bí i sí bàbá rẹ̀ ni.

Òun ló kó mi wọnú ọ̀rọ̀ máńgà, àwọn ìwé alàwòrán ará Jàpáànù tí wọ́n ń kà láti ọ̀tún wá sí òsì. Kò tíì pé ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí mi ò ní èrò lé lórí. Ọmọkùnrin onídà yẹn kọ́kọ́ ń kígbe orúkọ ohun tó fẹ́ fi lu ọ̀tá ẹ̀ kó tó lù ú. Ta ló ń polówó ẹ̀ṣẹ́? Ọ̀tá náà á sì dúró, á la ẹnu sílẹ̀, á máa gbọ́! Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí àwọ̀n ńkọ́? Bọ́ọ̀lù kan fò sókè nínú ìwé kejì, ìwé kẹta parí, kò tíì balẹ̀. Dókítà obìnrin yẹn kú lẹ́ẹ̀mejì, mo sunkún lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tó tún jí, mo ní kó dá omijé mi padà.

Ṣùgbọ́n ti ọmọ tó ń tan iná létí òkun, tòun tìyá àgbà rẹ̀, ìyẹn wọ̀ mí lára. Ẹni tó mọ̀ wá á mọ ìdí ẹ̀.

Wẹ́dà ni ọmọ mi, ara ọkọ̀ ojú omi ló ń jó pọ̀. Nígbà tí ìyàwó ẹ̀ kú, ó gbé Abẹ́rẹ́ fún mi, ó ní òun ń wáṣẹ́ lọ, òun ò ní pẹ́. Eyín ọmọ ò tíì yọ tán nígbà náà. Ní báyìí, èjìká wa ti fẹ́ dọ́gba. Orí fóònù la ti ń gbóhùn ẹ̀. Ó wá pè lóṣù tó kọjá, ó ní òun ti nílé, òun fẹ́ kí ọmọ wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Abẹ́rẹ́ ní òun ò lọ. Inú mi dùn, kí n má purọ́. Bàbá ẹ̀ ní òun fẹ́ gbọ́ ọ lójúkojú. Tó bá ti lè sọ ọ́ lójú òun, ó parí nìyẹn, òun ò ní béèrè mọ́ láyé.

Ó dé. Ó tẹrí ba kó lè kọjá lábẹ́ àwọn aṣọ tí mo fi kọ́. Irun ẹ̀ ti ń funfun, ìyẹn sì dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó hàn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màámi."

"Ẹ kú ìrìn," mo ní. Mo ṣe "ẹ" sí ọmọ tí mo bí, kó lè mọ̀ pé àlejò ni.

Ó fojú wá Abẹ́rẹ́ kiri. Kò sí níbẹ̀. Ó ti sá wọ yàrá.

"Jókòó," mo ní. "Màá pè é wá. Kó wá sọ tẹnu ẹ̀, kí gbogbo wa sinmi."

Mo bá Abẹ́rẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó di pílò mọ́ra gírígírí. Mo ní kó dìde, kò dìde. Mo fa pílò náà, ìwé kan já bọ́. Baba Olójú-kan ló wà lára ẹ̀yìn ìwé, nínú òjò. Ìwé karùn-ún ni!

"Àbí irú kí lèyí? Ṣebí o ní ẹni tó ń tà á ò tíì rí i?"

"Mo ti rà á tipẹ́."

"O wá ń purọ́ fún mi!"

"Ẹ máa bú u ni, Màmá. Ẹ ò ní kà á, ẹ ó kàn máa bú u."

"Ṣé kò sí wàhálà o?" ọmọ mi pè láti iwájú.

"Dúró ńbẹ̀!"

Abẹ́rẹ́ dìde jókòó. Ó gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni? Ẹ kà á kí n tó jáde. Ẹ jọ̀ọ́."

Mo jókòó, mo kà á pẹ̀lú ìbínú. Baba Olójú-kan dúró síta, òjò ń pa á. Ìyá àgbà inú ìwé kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, ẹnu ẹ̀ ò dákẹ́. Ó bi ọmọ náà pé ṣé ó fẹ́ rí ọkùnrin yẹn. Ọmọ ní rárá.

Mo gbá itan mi. "O káre! Ọmọ tó gbọ́n nìyẹn." Mo fẹ́ ṣí ewé tó kàn.

Abẹ́rẹ́ fi ìka tẹ ojú ewé náà mọ́lẹ̀. "Ẹ ti fò ó."

"Kí ni mo fò?"

"Àwọn tí kò ní ọ̀rọ̀."

Ní tèmi, àwòrán tí kò bá ti ní ọ̀rọ̀, mo gbà pé ẹni tó yà á ń sinmi ni. Mo padà sẹ́yìn. Wọ́n ti ya àwòrán mélòó kan sáàárín ìbéèrè yẹn àti "rárá". Ọmọ náà wo ilẹ̀kùn. Ó wá wo ojú ìyá àgbà, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó wolẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó sọ pé rárá.

 Mo gbójú sókè, Abẹ́rẹ́ ò wo ìwé rárá, èmi ló ń wò.

"Ṣé o fẹ́ bá a lọ ni?"

Ó tún fa pílò mọ́ra.

"Màámi," ọmọ mi tún pè, ohùn ẹ̀ ti yàtọ̀. "Ó ti yé mi. Ẹ má fipá mú un. Mo ń lọ." Mo gbọ́ tí àga wọ́ nílẹ̀.

"Abẹ́rẹ́, dá mi lóhùn!"

Ó di aṣọ mi mú. "Tí mo bá lọ, Màmá, tí mo wá padà wá, ṣé ẹ ó ṣílẹ̀kùn fún mi?"

Ẹ gbà mí. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣe é kó. Mo ṣe bí eré ni mò ń fi ọkùnrin inú ìwé ṣe. Ọmọ yìí ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́, ó ń fi wé ara ẹ̀, mi ò mọ̀.

"Orí ẹ pé ṣá?" Igbe ni mo fi sọ ọ́. "Ta ló máa ti ìwọ mọ́ta? Ilé ta nìyí? Kódà tó bá jẹ́ pé ọ̀la lo fẹ́ padà!"

Ilẹ̀kùn iwájú dún. Mo sáré jáde pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ọmọ mi ti fẹsẹ̀ kan síta.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, wọlé! Ta ló ní kó o dìde?"

"Màámi, mo ti ní kẹ́ ẹ má..."

"Mi ò tíì dárí jì ẹ́, má tan ara ẹ jẹ. Inú ń bí mi sí ẹ títí dọ̀la. Ṣùgbọ́n jókòó."

Ó jókòó. Abẹ́rẹ́ yọ lẹ́yìn mi, ó dúró láàárín àwọn aṣọ.

"Ó yá, sọ ọ́ fún un," mo ní.

 Mo rí i tó yíjú sí ojú mi, bí ọmọ inú ìwé yẹn gẹ́lẹ́. Mi ò sì gbẹ́kẹ̀ lé ojú mi. Mo yípadà, mo kẹ̀yìn sí àwọn méjèèjì, mo gbé áyọ́ọ̀nù, mo gbé e lé ṣẹ́ẹ̀tì. Mo di ẹnu mi mú. Ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá nìyẹn.

"Dádì," ó rọra sọ ọ́ lẹ́yìn mi, "mo fẹ́ bá yín lọ."

Mo gbọ́ tí ọmọ mi mí kanlẹ̀, mo gbọ́ tó bú sẹ́kún. Mi ò wẹ̀yìn.

"Màámi," ó ní nígbà tó yá, "aṣọ ń jóná o."

"Mo rí i," mo ní. Irọ́ ni. Mi ò rí nǹkan kan.