Ìbalẹ̀ Ìkẹyìn Ẹ̀gbọ́n

Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, inú bí mi, ó sì ṣì ń bí mi díẹ̀. Òfin kan wà nínú iṣẹ́ àwa tí à ń wa bàálù: awakọ̀ tó bá ti pé ọdún márùndínláàádọ́rin, kó sọ̀ kalẹ̀, ó parí. Èyí tó bá sì ti pé ọgọ́ta, kò gbọdọ̀ jókòó ti ẹni ọgọ́ta mìíràn níwájú bàálù. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọdé. Wọ́n ní ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Àwa rèé, orí ìjókòó náà la wà, lójú ọ̀run pàápàá. Àwọn kan tilẹ̀ gbé òfin náà lọ sí kóòtù, wọ́n ní ó ń fi ọjọ́ orí rẹ́ni jẹ. Adájọ́ ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́ mi níṣẹ́. A kì í ṣe ọmọ ìyá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é ní nǹkan mìíràn lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí ìrìn àjò rẹ̀ tó kẹ́yìn dé, àlọ lónìí, àbọ̀ lọ́la, èmi ni wọ́n yàn tì í. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ nìyẹn: kí n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tí taya rẹ̀ bá kan ilẹ̀ kẹ́yìn.

Àlọ dára. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a jókòó nídìí tíì ní òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ sí mi.

"Àbúrò, kú oríire ọjọ́ ìbí. O ti di ẹni ọgọ́ta ọdún."

"Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n."

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú tèmi nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé àwa méjèèjì. Ọjọ́ àlọ nìkan ni àwọn ará ọ́fíìsì wò nígbà tí wọ́n ń yàn wá.

"Kò sẹ́ni tó mọ̀," ni mo wí.

"Èmi mọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́. Ọmọdé ni mí lánàá. Kí ló yí padà lára mi láàárín oorun àti tíì?"

"Irun imú rẹ ti funfun. Mo ti rí i lánàá, mi ò kàn fẹ́ sọ ni." Ó gbé ife sílẹ̀, ó tẹ ọ́fíìsì láago.

Ọmọbìnrin awakọ̀ bàálù kan tó ń sinmi ní òtẹ́ẹ̀lì kan náà ni wọ́n fi rọ́pò mi. "Ẹ káàárọ̀, bàbá," ló kí mi. Bàbá, ẹ gbọ́ o. Bùrọ̀dá ni wọ́n ń pè mí títí di àná.

Mo lọ jókòó sáàárín èrò. Nígbà tí à ń sọ̀ kalẹ̀, afẹ́fẹ́ ń tì wá lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ mi sì ń tẹ ilẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹni pé èmi ni mò ń wa bàálù náà. Ọkùnrin tó jókòó tì mí ní, "Ẹ má bẹ̀rù, bàbá."

Taya òsì kan ilẹ̀, lẹ́yìn náà tọ̀tún, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn sórí bẹ́ẹ̀dì. Omi dé sójú mi.

"Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n nìyẹn," ni mo sọ fún ọkùnrin náà. "Kò sí ọmọdé tó lè ṣe bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí èrò sọ̀ kalẹ̀ tán, mo lọ síwájú. Ẹ̀gbọ́n ti bọ́ fìlà rẹ̀ sórí itan.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Láti ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni mo ti dá ọwọ́ yín mọ̀."

Ọmọbìnrin náà wo ilẹ̀.

"Òun ló gbé e balẹ̀," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

Ìbínú ló bá ohùn mi jáde. "Èyí tó kẹ́yìn, Ẹ̀gbọ́n? Ẹ wá gbé e fún ọmọ ọlọ́mọ?"

"Ìwọ ni mo fẹ́ gbé e fún," ló wí. "Láti ìgbà tí wọ́n ti yàn wá ni mo ti ń rò ó pé ọwọ́ tí mo kọ́ ni kó gbé mi balẹ̀. Ìwọ ò sí níbẹ̀."

Ọmọbìnrin náà dìde, ó ní kí n jókòó. Ẹ́ńjìnnì ti kú. Kò sí òfin tó ní kí ẹni ọgọ́ta méjì má jókòó pọ̀ nínú bàálù tó ti dúró. A jókòó síbẹ̀, àwa méjèèjì, títí àwọn tó ń gbá inú bàálù fi wá lé wa.