Orúkọ tí Ìyá Mi Pe Bàbá Lásún

Kí ni ìyá mi dáhùn ní ọjọ́ tí dókítà nawọ́ sí ọkùnrin tí ó jókòó tì wọ́n, tí ó sì béèrè pé, "Màmá, kí ni orúkọ ẹni yìí?"

Ọkùnrin náà ni Bàbá Lásún, àbúrò bàbá mi. Òun nìkan ni ó bá ìyá mi wọ yàrá àyẹ̀wò náà, nítorí mo wà ní òkè òkun nígbà náà. Ìròyìn tí ó mú jáde fún gbogbo ẹbí ni pé ìyàwó wọn kò mọ orúkọ òun mọ́, pé ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ti ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ ìyá mi. Ẹnikẹ́ni kò sì fi ọ̀rọ̀ kan lọ̀ wọ́n mọ́ títí wọ́n fi kú.

Mo ti rò pé ìbéèrè náà bá wọn wọ ilẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni ó padà wá bá mi. Mo jókòó sí pálọ̀ mi ní Ìkirè, mo ń dúró de Bàbá Lásún kan náà. Ó ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá gbọ́ èsì mi: ṣé n óò fi ilé-ẹ̀kọ́ tí mo fi owó ìfẹ̀yìntì mi dá sílẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, kí ọpọlọ tèmi náà tó lọ? Níbi tí mo ti ń ro èsì náà ni oorun ti gbé mi.

Ilé ìdáná wa àtijọ́ ni mo ti bá ara mi, ṣùgbọ́n kò sí níbi tí wọ́n kọ́ ọ sí. Àárín pápá ilé-ẹ̀kọ́ mi ni ó wà, láìní ògiri, láìní òrùlé. Ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró ṣinṣin. Kò sí eérú, kò sí èéfín. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ti oòrùn. Ó dà bí ìgbà tí ọyẹ́ bá fi ẹfun kun ojú ọ̀run. Igi máńgòrò etí pápá ń mì lẹ̀ǹgbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ìró ewé kan.

Ìyá mi jókòó sórí àpótí, wọ́n kẹ̀yìn sí mi. Ìkòkò omi ẹran wà níwájú wọn, ó ti tutù, ọ̀rá sì ti dì bo ojú rẹ̀. Wọ́n ti etí ìgbákọ bọ abẹ́ ọ̀rá náà, wọ́n ń ṣí i díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ká aṣọ kúrò lójú ọmọ tí ó sùn.

Iṣẹ́ tí mo mọ̀ wọ́n mọ́ nìyẹn. Láti ìgbà tí dókítà ti sọ fún wọn pé kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn, ga, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń bọ ẹran, òwúrọ̀ ni wọ́n ń yọ ọ̀rá rẹ̀ dànù. Àní lẹ́yìn tí ẹbí ti dá wọn lẹ́jọ́ ìgbàgbé, wọn kò gbàgbé èyí.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá mi."

"Òo, Àwẹ̀ní." Wọn kò bojú wẹ̀yìn. "O rù."

"Dókítà ni ó ní kí n dín ọ̀rá kù, mà."

"Ó káre. Mo ti ṣe bí ìdí tí o jogún lọ́dọ̀ mi yìí, ikú nìkan ni yóò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ."

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò ní ohùn. Mo wá sọ ohun tí ó wà nínú mi. "Wọ́n ní n óò jogún ìgbàgbé yín pẹ̀lú."

Ìgbákọ dúró. "Ta ni ó ní mo gbàgbé?"

"Bàbá Lásún ni, mà."

"Ta ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Òtútù ilẹ̀ pápá náà gba àtẹ́lẹsẹ̀ mi wọlé. Ṣé òótọ́ ni wọ́n ń sọ láti ọjọ́ yìí? Ṣùgbọ́n èjìká ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo sì rí i pé ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Wọ́n fa abọ́ mẹ́ta sọ́dọ̀, wọ́n ń bu ọbẹ̀ tí ó mọ́ gaara sínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Èyí ni ti Akọ̀wé. Èyí ni ti Ìbàdíàrán, má fi ata kún un, inú wọn kò gbà á. Eyínfúnjowó ńkọ́? Sáré lọ pè wọ́n wá, wọn kì í fẹ́ kí ọbẹ̀ tutù."

"Ìyá mi, ẹ dúró ná. Ẹ sọ fún mi, kí ni ẹ dá dókítà náà lóhùn?"

"Mo ti sọ ọ́. Èmi kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì fún ẹni tí etí rẹ̀ kò di."

Wọ́n yíjú sí mi nígbà náà. Ojú wọn mọ́ kedere, kò sí ìkùukùu kan níbẹ̀. Wọ́n na abọ́ kẹta sí mi, ó sì wúwo lọ́wọ́ mi bí ohun tí ó wà láyé. Ikọ́ ẹnìkan ni ó jí mi.

N kì í fi àlá ṣe ẹ̀rí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá kọ irú rẹ̀ fún mi nígbà tí mo ń kọ́ni ní yunifásítì, n óò fagi lé e. Ṣùgbọ́n àlá yìí kò sọ ohun kan tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Akọ̀wé ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Ìbàdíàrán ni àbúrò wọn obìnrin. Eyínfúnjowó ni Bàbá Lásún, nítorí eyín rẹ̀ tí ó funfun nígbà èwe. Ìyàwó ilé kì í la orúkọ àwọn tí ó bá nílé ọkọ mọ́lẹ̀, orúkọ ẹ̀yẹ ni ó ń fún wọn. N kò gbọ́ kí ìyá mi pe Lásúnkànmí, orúkọ rẹ̀ gan-an, rí, kì í ṣe nínú ìbínú, kì í ṣe nínú ayọ̀. Báwo ni ènìyàn ṣe lè gbàgbé orúkọ tí ẹnu rẹ̀ kò pè rí?

Bàbá Lásún ti wọlé, ó ti jókòó, ó gbé fìlà lé orúnkún.

"Àwẹ̀ní, oorun ọ̀sán ni o ń sùn báyìí? Ara àmì ìgbàgbé náà nìyẹn."

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Oorun ọ̀sán ti di àìsàn?"

"Máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Níbi ayẹyẹ ìpín-ẹ̀bùn, ta ni ó dúró níwájú gbogbo òbí tí kò rántí orúkọ ọmọ tí ó gbé ipò kìíní? Ìyá rẹ, ọ̀rá. Ìwọ, ọ̀rá. Ẹni bíni là á jọ."

"Òótọ́ ni pé ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ mi ga, n kò jiyàn. Dókítà ṣàlàyé fún mi pé bí ó bá ga bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí a wà ní nǹkan bí ogójì sí ọgọ́ta ọdún, ó lè dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, ó sì lè ṣe ọpọlọ ní jàǹbá bí a bá dàgbà. Ó ní ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní ó ti ṣe é. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo oògùn, tí mo ń rìn láràárọ̀, tí mo sì ń fi ẹ̀wà rọ́pò ẹran. Ẹni tí ó bá rí iná lórí òrùlé rẹ̀, omi ni ó ń bù, Bàbá. Kì í kó kọ́kọ́rọ́ ilé fún aládùúgbò."

"Èmi ni aládùúgbò?"

"Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ìdí yín kejì wò. Ẹ ní ìyá mi kò mọ orúkọ yín. Kí ni wọ́n sọ nígbà tí dókítà béèrè?"

"Kò sọ nǹkan kan."

"Ìyá mi? Ìyá mi tí wọ́n máa ń bá adìyẹ jiyàn?"

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó yára fi ọwọ́ bò ó. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká tán. Mo tẹjú mọ́ ọwọ́ náà.

"Bàbá, n kò ní fi ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Ọjọ́ tí n kò bá lè ṣe é mọ́, èmi ni n óò kọ́kọ́ sọ ọ́, n óò sì yan ẹni tí yóò gbà á. Èsì tí ẹ wá gbọ́ nìyẹn. Ó ku èyí tí èmi náà ń dúró dè."

Abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti jáde.

"Ọmọdé ni dókítà náà, ìlú ńlá ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ó béèrè. Ìyàwó wa wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ó ti máa ń ṣe, ó sì dáhùn. Dókítà wo ẹnu mi, ó rí i bí ó ti ṣófo, ó mi orí. Mo lè là á yé e. Ojú tì mí, mo dákẹ́. Nígbà tí a ó fi délé, ó ti rọ̀ mí lọ́rùn láti dákẹ́."

"Kí ni wọ́n sọ, Bàbá?"

Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀ kúrò lẹ́nu.

"Eyínfúnjowó."